Ìkéde “Agbègbè Àjálù” Kọ́ Ni Owó Ìrànwọ́

Tí ìròyìn bá ti gbé e pé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti kéde county kan (ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa) ní agbègbè àjálù nítorí ọ̀dá, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé owó ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, pé gbogbo àgbẹ̀ àti olùsìn màlúù ibẹ̀ máa gba tiwọn. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó sì ń dùn mí, torí àwọn tí àjálù bá gan-an ni àṣìgbọ́ yìí ń pa lára jù.

Ẹ̀yáwó ni ìkéde yìí, tí mínísítà ọ̀gbìn ń ṣe, ń ṣínà fún. Èlé wà lórí ẹ̀, dandan sì ni sísan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní ohun ìdógò, kó fi hàn pé òun á lè san án, kó sì jẹ́ pé kò rí irú owó bẹ́ẹ̀ yá níbòmíràn. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìkéde ló ní láti fi tọrọ rẹ̀. Láti ọdún 2012, ìkéde ọ̀dá kì í fi bẹ́ẹ̀ gba àríyànjiyàn mọ́: máàpù ọ̀dá kan wà tó ń jáde ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tó bá ti fi hàn pé ọ̀dá líle, ìyẹn D2, wà ní county náà fún ọ̀sẹ̀ 8 léraléra lásìkò ọ̀gbìn, ó ti tó. Kò sẹ́ni tó dé oko ẹnikẹ́ni wò. Báwo ló ṣe máa wá jẹ́ owó àdánù oko lágbájá?

Máàpù yìí kan náà ló ń da ọ̀rọ̀ rú, torí LFP, ètò ìrànwọ́ ìjọba mìíràn, náà ń wò ó. LFP ń san owó gidi, owó tí wọn kì í dá padà, àmọ́ ẹni tó ní ẹran tí koríko ìjẹ rẹ̀ gbẹ ló wà fún. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ṣírò fún oúnjẹ ẹran lóṣù ni, bí ọ̀dá bá ṣe le tó ló ń sọ iye oṣù tí wọ́n máa san. Ẹni tó gbin àgbàdo nìkan ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ti iná ìgbẹ́ tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2024, iná Smokehouse Creek bẹ̀rẹ̀ ní Hutchinson County, lápá òkè Texas. Ó jó ilẹ̀ tó ju mílíọ̀nù kan éékà lọ, kò sì tíì sí irú rẹ̀ rí nínú ìtàn Texas. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù ló kú. LIP, ètò ìrànwọ́ fún ẹran tí àjálù pa, ló wà fún irú ikú bẹ́ẹ̀, kò sì nílò ìkéde kankan. Ká ní ẹnì kan ní abo màlúù 100, iná pa 20. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ iye tó ṣeé ṣe kó kú láìsí àjálù, ká ní 2. Ó ku 18. Tí iye owó màlúù kan káàkiri orílẹ̀-èdè bá jẹ́ dọ́là 1,600, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni wọ́n máa san, ìyẹn dọ́là 1,200. Àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ dọ́là 21,600, nígbà tí iye owó màlúù 20 tí iná náà pa tó dọ́là 32,000.

Wọ́n á sì béèrè ẹ̀rí: fọ́tò òkú ẹran tó ní déètì, ìwé dókítà ẹran, rìsíìtì, àkọsílẹ̀ iye ẹran tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń retí kí ìjọba kéde kó tó ṣe nǹkan lè ti sin gbogbo òkú ẹran náà láìya fọ́tò kan.

Koríko tó jó lórí ilẹ̀ aládàáni kò sí lábẹ́ LFP. Ètò ìrànwọ́ mìíràn, ELAP, ló ń rí sí i. Ọgbà wáyà tó jó jẹ́ ti ètò ECP, tó lè gbé tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó àtúnṣe. Kéèyàn kàn sí ọ́fíìsì FSA, ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn tó ń bójú tó county rẹ̀, kó tó ri òpó kan mọ́lẹ̀.

Ará wa tó bá ń sin ewúrẹ́ tàbí àgùntàn lọ́hùn-ún, tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tàbí tó ní green card, LIP kan òun náà.