Ìfẹ̀yìntì Sebastian Vettel àti bó ṣe rí lára àwọn olólùfẹ́ eré ọkọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́

Sebastian Vettel fẹ̀yìntì nínú eré ìje ọkọ̀ Formula 1 lópin ọdún 2022. Ọmọ Jámánì ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gba ife àgbáyé, ẹni ọdún 35 sì ni lọ́jọ́ tó lọ. Ọjọ́ 28 oṣù keje ló kéde ẹ̀, ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ló sá eré tó kẹ́yìn ní Abu Dhabi. Àpilẹ̀kọ yìí dá lé bọ́rọ̀ náà ṣe rí lára àwọn olólùfẹ́ eré ọkọ̀, pàápàá àwọn tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọn ò pọ̀ bíi tàwọn oníbọ́ọ̀lù o, àmọ́ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ohun tó mú tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ti fẹ̀yìntì ṣáájú ẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tómi bọ́ lójú wọn lọ́jọ́ yẹn ni wọn ò fẹ́ fojú rí i rárá nígbà tó ń gbégbá orókè.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kórìíra ẹ̀

Ọjọ́ 3 oṣù keje 1987 ni wọ́n bí i nílùú Heppenheim. Ní 2007, ẹgbẹ́ BMW Sauber gbé e wọlé fún eré kan ní Indianapolis l'Amẹ́ríkà torí pé Robert Kubica, awakọ̀ wọn, ní jàǹbá ní Canada, ipò kẹjọ ló ṣe, ó sì gba máàkì kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú òjò ní Monza nílẹ̀ Italy, ó fi mọ́tò ẹgbẹ́ Toro Rosso tẹ́nikẹ́ni ò kà sí gba ipò kìíní, ọmọ ọdún 21 ni nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ Red Bull mú un ní 2009, ó wá gba ife ní 2010, 2011, 2012 àti 2013, léraléra. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tó gba àkọ́kọ́, kò sì tíì sẹ́ni tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó gba ife yẹn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Ẹni tó bá ń wo eré láyé ìgbà yẹn á rántí pé tó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Sunday, Vettel ló máa wà níwájú, Vettel náà ló máa borí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ wá sú àwọn èèyàn pátápátá. Ní Malaysia 2013, Red Bull ní kó má ya Mark Webber tí wọ́n jọ ń wakọ̀ fún wọn kọjá, ó ya á kọjá, ó gba ipò kìíní, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì dárí ẹ̀ jì í. Lọ́dún yẹn kan náà wọ́n hó lé e lórí ní Monza bó ṣe dúró lórí pèpéle tí wọ́n ti ń gba ife, wọ́n tún ṣe é ní Singapore. Eré mẹ́sàn-án ló gbà tẹ̀léra lópin ọdún yẹn. Àwọn alátakò ẹ̀ á ní mọ́tò tí Adrian Newey, ẹni tó ń ya àwòrán mọ́tò fún Red Bull, ṣe ló ń sáré, pé ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sínú ẹ̀ á gba ife. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tọ̀nà, torí Webber náà jókòó sínú mọ́tò kan náà, kò gba ife kankan.

Ìgbà ò lọ bí òréré

Ó lọ sí ẹgbẹ́ Ferrari ní 2015, ó lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, eré 14 ló gbà, ife àgbáyé ò wá. Ọjọ́ 22 oṣù keje 2018 ló dunni jù. Hockenheim ni, nílé ẹ̀ ní Jámánì, ibi tí ò jìnnà sí Heppenheim. Òun ló ń lọ níwájú, òjò bẹ̀rẹ̀ sí ta díẹ̀díẹ̀, ni mọ́tò bá yọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó gba inú òkúta wẹ́wẹ́ lọ, ó lọ kọlu ògiri. Kámẹ́rà wà lórí mọ́tò, gbogbo ayé rí i bó ṣe ń fọwọ́ lu sítíárìn. Lewis Hamilton tó bẹ̀rẹ̀ ní ipò kẹrìnlá ló gba eré ọjọ́ náà. Àtìgbà yẹn làwọn tó máa ń bú u tẹ́lẹ̀ ti ń dákẹ́, torí kò sẹ́ni tó máa rí àgbàlagbà tó ń jìyà báyẹn tínú ẹ̀ á máa dùn.

Àmọ́ àánú nìkan kọ́ ló yí ọkàn wọn padà. Ní 2021 tó ti wà ní ẹgbẹ́ Aston Martin, mọ́tò ẹ̀ ò parí eré Silverstone nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí eré parí tó yẹ kó ti wà lọ́nà ilé, ó wọ àárín àwọn tó wá wòran, ó bá wọn ń ṣa ìdọ̀tí lábẹ́ àga. Àwọn tó mọ bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ṣe máa ń kún ilẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti wo bọ́ọ̀lù tán l'Ógbómọ̀ṣọ́, tó jẹ́ pé ọmọ kékeré kan ni wọ́n máa ní kó lọ gbá a, á mọ̀ pé ẹni tó ti gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹrin ò ní láti ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Lópin ọdún yẹn náà, nígbà tí Formula 1 kọ́kọ́ lọ sí Saudi Arabia, ó ṣètò wíwa káàtì, ìyẹn ọkọ̀ eré ìje kékeré, fáwọn obìnrin ibẹ̀, lórílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé 2018 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin láyè láti wa mọ́tò. Kò gba ife kankan láwọn ọdún yẹn. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n wá fẹ́ràn ẹ̀.

Ìkéde náà

Vettel kì í ṣe ẹni tó máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe ṣí Instagram báyìí, fídíò tí ò ní àwọ̀ ló gbé síbẹ̀, dúdú àti funfun lásán, ó ní òun ń fẹ̀yìntì, pé òun fẹ́ ráyè fún ìyàwó òun àtàwọn ọmọ òun, ó sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ayé tó ń bà jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà Aston Martin kéde pé Fernando Alonso ló máa rọ́pò ẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 41. Ẹni ọdún 35 ní ó tó, ẹni ọdún 41 ní òun ò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn fáànù ò jiyàn nǹkan mìíràn lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ Abu Dhabi

L'Ógbómọ̀ṣọ́, ìṣòro ẹni tó fẹ́ràn Formula 1 ni pé aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni púpọ̀ nínú eré náà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni Premier League náà sì máa ń wà lórí tẹlifíṣàn. Ẹ ò lè wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Under-G tàbí ní Tákíè kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yí ṣánẹ́ẹ̀lì kúrò níbi tí Arsenal ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọn ò ní dá yín lóhùn. Torí náà, fóònù ni ọ̀pọ̀ fi ń wò ó, tí dátà bá wà, tàbí kí wọ́n dúró di alẹ́ kí wọ́n wo èyí tí wọ́n gé kúrú. Àmọ́ ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 2022 yàtọ̀. World Cup ti Qatar máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Premier League ti wà nísinmi, Qatar àti Ecuador ò sì ní wọ pápá títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àyè ṣófo látaago méjì, àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lè bẹ onílé kó gbé eré ọkọ̀ sí i.

Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ dùn, ó sì bí wọn nínú. Ipò kẹsàn-án ni Vettel ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Aston Martin pè é wọlé láti pààrọ̀ táyà, wọ́n wá fi í sílẹ̀ lórí èyí tó ti ń jẹ, nígbà tí Lance Stroll tí wọ́n jọ ń wakọ̀ fún wọn wọlé lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ya á kọjá. Kò sí fọkanáísà kan lẹ́bàá títì tó máa wo táyà yẹn tí ò ní mọ̀ pé ó ti tó pààrọ̀. Vettel ń lé Daniel Ricciardo títí dé ìparí, ọwọ́ ẹ̀ ò tó o. Stroll ṣe ìkẹjọ, Ricciardo ìkẹsàn-án, Vettel ìkẹwàá, máàkì kan. Aston Martin àti ẹgbẹ́ Alfa Romeo wá parí ọdún pẹ̀lú máàkì 55 níkọ̀ọ̀kan, Alfa Romeo ló sì gba ipò kẹfà torí èsì wọn tó dáa jù lọ́dún yẹn ga ju ti Aston Martin lọ. Máàkì kan péré sí i, ipò kẹfà ì bá jẹ́ ti Aston Martin. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wò ṣì ń bínú sí ìpinnu yẹn.

Lẹ́yìn eré, ó gbé mọ́tò dúró lójú títì níwájú àwọn èèyàn, ó yí i po títí èéfín táyà fi bo gbogbo ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, gbogbo awakọ̀ ogún tó wà nínú eré náà ti jókòó jẹun alẹ́ pọ̀ nítorí ẹ̀, nǹkan tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tó ń bára wọn du ipò láti oṣù kẹta. Eré 299 ló sá lápapọ̀, ó borí nínú 53.

Ǹjẹ́ ó máa padà?

Ìbéèrè yìí ò lè ṣe kó má wáyé, torí àwọn tó ṣáájú ẹ̀ ti kọ́ àwọn fáànù láti má tètè gbà. Michael Schumacher fẹ̀yìntì ní 2006, ó padà ní 2010. Alonso lọ ní 2018, ó padà ní 2021. Kimi Räikkönen náà ti lọ rí kó tó padà, kó tó wá lọ pátápátá ní 2021 lẹ́ni ọdún 42. Vettel ní tiẹ̀ lọ sí Suzuka ní Japan lọ́dún 2023, kì í ṣe láti sáré, ilé oyin ló lọ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n sì kun etí títì ibẹ̀ ní dúdú àti yẹ́lò bí àwọ̀ oyin. Ní oṣù kẹta 2024 ó dán mọ́tò Porsche 963 wò ní Aragón nílẹ̀ Spain, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí retí pé á sá eré Le Mans, eré oníwákàtí 24 tí wọ́n ń sá nílẹ̀ Faransé. Kò sá a.