Bí “viridis” ṣe di “verde”, “vert” àti “birde”

Verde ni àwọn ará Ítálì ń pe àwọ̀ ewé. Verde náà ni ní Sípéènì, ní Pọ́túgà àti ní Ròmáníà. Tí a bá dé ilẹ̀ Faransé, ó di vert. Lẹ́nu àwọn Kàtàláànì, verd ni. Ní erékùṣù Sàdíníà, birde. Ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn. Viridis lorúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn, ohun tó tutù yọ̀yọ̀ tó ṣì ń dàgbà ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ sì ń lò ó fún.

Kì í ṣe gbogbo àwọ̀ ló ṣe irú oríire yìí. Albus ni Látìn ń pe funfun, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà Jámánì tó wọ ilẹ̀ Róòmù mú blank tiwọn dání. Òun ló di blanc lẹ́nu Faransé, bianco ní Ítálì, blanco ní Sípéènì, branco ní Pọ́túgà. Ròmáníà ṣì di alb tirẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ pupa tún pín sí ọ̀nà púpọ̀: rosso ní Ítálì, rojo ní Sípéènì, rouge lẹ́nu Faransé, títí dé vermelho àwọn Potogí, tó wá láti ara orúkọ kòkòrò kékeré tí wọ́n fi ń ṣe aró. Sípéènì lọ yá azul lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá fún búlúù. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àwọ̀ ewé, kò sí ẹni tó jáde lọ yá nǹkan kan nínú àwọn èdè yìí. Ẹnu ló yàtọ̀ síra, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Àyípadà àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ náà. Vi-ri-dis: sílébù àkọ́kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà i àárín kò lágbára. Bí èèyàn bá ń yára sọ̀rọ̀, ohun tí kò lágbára láàárín ọ̀rọ̀ ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ fò. Irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa: òtítọ́ di òótọ́, egúngún di eégún. Kọ́ńsónáǹtì ni tiwa ń pajẹ níbẹ̀, fáwẹ́lì ni ti Látìn. Báyìí ni viridis ṣe di virdis.

Ẹ̀rí èyí wà lákọsílẹ̀. Àtòjọ àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Appendix Probi, ọ̀rọ̀ 227 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì jẹ́ “èyí ni kí o sọ, má sọ tọ̀hún”. Ọ̀kan nínú wọn kà báyìí: viridis non virdis. Viridis ni, kì í ṣe virdis. Kò sí olùkọ́ tí yóò máa tún ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ṣe, nítorí náà ìkìlọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́rìí pé virdis ti gba ìgboro. Inú àtòjọ kan náà ni ó ti ní kí wọ́n sọ calida, kí wọ́n má sọ calda. Lónìí, acqua calda ni gbogbo Ítálì ń pe omi gbígbóná. Ìgboro ló borí.

Àyípadà kejì ni ti i tó ṣẹ́kù. Látìn ní i gígùn àti i kúkúrú. Èyí tó gùn dúró síbi tó wà: vita, tí í ṣe ìyè, ṣì jẹ́ vita ní Ítálì, ó sì jẹ́ vida ní Sípéènì. Èyí tó kúrú ló yí padà di e, i kúkúrú yìí ló sì wà nínú viridis. Pilus, irun ara, ni a fi lè dán an wò: pelo ni ní Ítálì àti Sípéènì, ṣùgbọ́n àwọn ará Sàdíníà ṣì ń sọ pilu. Erékùṣù wọn kò bá àwọn yòókù ṣe àyípadà yìí, ìdí nìyí tí i fi wà nínú birde títí dòní.

Ẹni tó bá mọ Yorùbá kà yóò tètè gbọ́ ìyàtọ̀ tí ọ̀pọ̀ àjèjì kì í gbọ́. E tó wà nínú verde ará Ítálì, e inú “ewé” ni. Èyí tó wà nínú vert Faransé, ẹ inú “ẹsẹ̀” ni. Álífábẹ́ẹ̀tì tiwọn kò fi àmì kankan sí i, tiwa ló ní àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ní ti v, ará Sípéènì ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n b ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ní Rio de Janeiro ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Potogí, ìparí ọ̀rọ̀ náà ti di nǹkan bíi “dji”.

Faransé ló rin ìrìn tó jìnnà jù. Ó pa e tó wà ní ìparí jẹ, ó ku verd. D tó wá bá ara rẹ̀ ní etí ọ̀rọ̀ le, ó di t. Lẹ́yìn náà, t yẹn pàápàá dákẹ́, tó fi jẹ́ pé vert, verre (gíláàsì) àti ver (ekòló) dún bákan náà lónìí. Síbẹ̀, d àtijọ́ kò kú. Ẹ wo verdure, ewéko tútù, àti verdir, kí nǹkan di aláwọ̀ ewé: níbi tí fáwẹ́lì bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti dáàbò bò ó, d ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ako àti abo tún wà, nítorí àwọn èdè yìí máa ń pín ọ̀rọ̀ orúkọ sí ako àti abo. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni viridis ní fún méjèèjì, ìyẹn ni libro verde (ìwé, ako) àti casa verde (ilé, abo) kò fi yí padà, ì báà ṣe ní Ítálì tàbí Sípéènì. Faransé wo àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tó ń fi e kún abo, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún vert náà: livre vert, ṣùgbọ́n maison verte. Orí vert tó ti ní t ni wọ́n kọ́ verte lé. E yẹn ló gba t là nígbà tí ti ako dákẹ́.

Ọmọ ìyá wọn kan tún wà nínú ìsasùn. Viridia ni Látìn ń pe àwọn nǹkan aláwọ̀ ewé lápapọ̀. Ó di verza ní Ítálì, berza ní Sípéènì, varză ní Ròmáníà, kábéèjì sì ni gbogbo wọn.

Ìtumọ̀ náà sì fẹjú. Èso tí kò tíì pọ́n, verde ni. Pọ́n tiwa kó pípọ́n èso àti pípupa pọ̀. Tiwọn kó àìpọ́n àti àwọ̀ ewé pọ̀. Wáìnì vinho verde ti àríwá Pọ́túgà lè funfun, ó sì lè pupa, nítorí kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ ni orúkọ náà ń sọ. Ní Brazil, ẹni tó ń fi ọgbọ́n wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíì ni wọ́n ń sọ pé ó ń ju verde kó lè ká èyí tó pọ́n.

Ní àwọn ọdún 1440, àwọn atukọ̀ Potogí dé orí ilẹ̀ kan tó yọ sínú òkun ní Senegal, níbi tí Dakar wà báyìí. Wọ́n pè é ní Cabo Verde, orí ilẹ̀ aláwọ̀ ewé. Orúkọ yẹn ni wọ́n fún àwọn erékùṣù tó wà nínú òkun níwájú rẹ̀, tó jìnnà sí i ju 500 kìlómítà lọ. Ní 2013, ìjọba àwọn erékùṣù náà ní kí gbogbo ayé yéé túmọ̀ orúkọ àwọn, Cabo Verde ni kí wọ́n máa pè é ní èdè gbogbo. Ní Dakar, Cap-Vert ni Faransé ń pe orí ilẹ̀ náà: e ti lọ, d ti di t, t sì ti dákẹ́.