Ṣé Pírínsípà Tó Le Ló Ń Mú Tíṣà Mọṣẹ́?

Kò sí ìpàdé òbí àti tíṣà tí mo lọ tí ẹnìkan kì í sọ ọ́: "Ẹ fún wọn ní pírínsípà tó le, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí ọ̀gá bá dúró sẹ́nu géètì, tíṣà á tètè dé. Ìyẹn ò la àríyànjiyàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó tètè dé lè má dá ara rẹ̀ lójú nínú kíláàsì rárá.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan ń kọ́ àwọn SS2 ní probability, ìyẹn ìṣirò bó ṣe ṣeé ṣe tó kí nǹkan ṣẹlẹ̀, nígbà kan. Ó kó ìdérí ìgò wá nínú ọ̀rá, ó ní kí wọ́n máa jù ú sókè, kí wọ́n máa kọ iye ìgbà tó dojú bolẹ̀ sílẹ̀. Kíláàsì ń dún, ọmọ ń jiyàn. Bí ọ̀gá ṣe wọlé nìyẹn: "Ṣé ọjà lo sọ kíláàsì dà ni?" Ó fi "o" bá a sọ̀rọ̀ lójú àwọn ọmọ tó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ohun tó wà nínú ìwé ló ń dà kọ sójú pátákó, àwọn ọmọ náà á dà á kọ. Nóòtù rẹ̀ ń dé ọ́fíìsì ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ń fi báírò pupa buwọ́ lù ú. Ọ̀rá ìdérí ìgò yẹn wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ títí táàmù fi parí.

Ohun tí àwọn tó ń fẹ́ pírínsípà tó le ò mọ̀ nípa ìgboyà, ìyẹn kí ènìyàn dá ara rẹ̀ lójú, nìyí. Ní 1977, Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ ọ́ pé ọ̀nà mẹ́rin ló ń gbà wọ ènìyàn lára: kó ti ṣe nǹkan náà kó yọrí, kó rí ẹni bíi tirẹ̀ tó ṣe é, kí wọ́n gbà á níyànjú, àti bí ara òun ọkàn rẹ̀ ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní èkíní ló lágbára jù. Tíṣà tí wọn ò jẹ́ kó ṣe é parí, báwo ló ṣe fẹ́ yọrí? Ẹni tí àyà rẹ̀ sì ń já ti pàdánù ẹ̀kẹrin.

Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Kurt Lewin, Lippitt àti White, wo bí irú aṣáájú tí ènìyàn ní ṣe ń kan iṣẹ́ rẹ̀ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1939. Àwọn ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́wàá tó wà lábẹ́ aṣáájú apàṣẹwàá ṣiṣẹ́ dáadáa níṣojú rẹ̀. Bó ṣe jáde báyìí, iṣẹ́ já lulẹ̀. Àwọn tí aṣáájú tiwọn ń bá jíròrò kò fi bẹ́ẹ̀ dẹwọ́.

Lóòótọ́, ọmọdé ni wọ́n, wọn kì í ṣe tíṣà. Nínú ìwádìí yẹn kan náà, àwọn tí aṣáájú tiwọn kò dá sí wọn kò sì ṣe ohun gidi kan. Mo tún mọ ọ̀gá kan tó le bí ojú ẹja, tí àwọn tíṣà rẹ̀ sì gbójú, torí ó máa ń jókòó tì wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń le ló ń bà á jẹ́, kì í ṣe líle fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin pírínsípà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí tíṣà kọ́ni tán, kẹ́ ẹ tó pè é sí ọ́fíìsì. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá dé ilé-ìwé tí gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́, ẹ bi ọmọ yín lálẹ́ ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà yàtọ̀ sí nóòtù tó kọ.