Bottom Bracket Tó Ti Jẹ: Bí Ẹ Ṣe Máa Dá A Mọ̀ àti Bí Ẹ Ṣe Máa Pààrọ̀ Rẹ̀

Ihò kan wà ní ìsàlẹ̀ férémù kẹ̀kẹ́, níbi tí ọ̀pá kíráǹkì (irin tó so apá tí pẹ́dà wà lórí wọn pọ̀) ti gba inú rẹ̀ kọjá láti ọ̀tún sí òsì. Ohun tó wà nínú ihò yẹn là ń pè ní bottom bracket. Béárìn méjì ló ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, orí wọn sì ni gbogbo agbára tí ẹ fi ń tẹ pẹ́dà ń gbà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń dún kó-kó lábẹ́ ẹsẹ̀, òun la kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ̀bi. Ẹ má náwó sórí tuntun títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí pé òun gan-an ló jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ àwọn tó sún mọ́ ọn wò. Ẹ di pẹ́dà mú, kí ẹ mì ín: bí pẹ́dà nìkan bá ń yẹ̀, béárìn inú pẹ́dà ló níṣòro. Ẹ tú pẹ́dà méjèèjì, ẹ nu tírẹ́ẹ̀dì wọn, ẹ fi gíríìsì sí i, kí ẹ dè wọ́n padà. Ẹ rántí pé òdì ni tírẹ́ẹ̀dì pẹ́dà òsì. Ẹ dán àwọn bóòtù jíà iwájú wò, bóyá ọ̀kan ti dẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gùn ún, kí ẹ dìde kúrò lórí ìjókòó bí ẹ ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ lọ. Bí ariwo bá dákẹ́ nígbà tí ẹ dìde, ọ̀pá ìjókòó tàbí irin abẹ́ ìjókòó ni kí ẹ lọ tú wò. Férémù máa ń gbé ariwo láti ibì kan lọ síbòmíràn, pàápàá férémù carbon, etí nìkan ò sì tó láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí gbogbo ìyẹn bá mọ́, ó ku bottom bracket. Ẹ di apá kíráǹkì mú lápá ibi tí pẹ́dà wà, ẹ tì í sí férémù, kí ẹ sì fà á síta. Bí apá méjèèjì bá jọ mì pọ̀, béárìn ti jẹ tàbí ife tó gbé e dúró ti dẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ apá kan ló ń mì, tí èkejì dúró digbí, bóòtù apá yẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e ni mo fọkàn tán jù lọ. Ẹ yọ ṣéènì kúrò lórí jíà iwájú, kí ẹ gbé e sórí férémù lápá inú kó má baà kan nǹkan kan. Ẹ fi ọwọ́ kan rọra yí kíráǹkì, kí ẹ sì gbé ìka ọwọ́ kejì lé ọ̀pá férémù lókè bottom bracket. Béárìn tó dáa máa ń lọ geere, ìka ò ní gbọ́ nǹkan kan. Èyí tó ti jẹ máa ń gbọ̀n rìrì bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, tàbí kó máa há lójú kan náà ní gbogbo ìgbà tó bá yí dé ibẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù bí kíráǹkì tuntun ò bá yí fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹ fọwọ́ tì í. Rọ́bà tó ń dènà omi ló ń dì í mú díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nígbà mìíràn, èyí tó ń yí fàìfàì láìdúró gan-an ni gíríìsì inú rẹ̀ ti ṣàn jáde.

Omi ló ń pa á jù. Òjò máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìjókòó wọ inú férémù, kó sì jókòó sí ìsàlẹ̀ níbi tí béárìn wà. Bí ihò tó yẹ kó máa dà á jáde bá ti dí, béárìn á dógùn-ún láti inú. Ẹ̀rọ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó máa ń ti omi kọjá rọ́bà náà.

Kí ẹ tó ra tuntun, ẹ mọ irú ihò tí férémù yín ní. Lórí ọ̀pọ̀ ife àtijọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí 1.37 x 24, irú tí wọ́n ń pè ní BSA ni, ihò rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ojú títì sì máa ń fẹ̀ tó 68 mm. Bí ẹ bá rí 36 x 24, ti Ítálì ni, 70 mm. Férémù BB86 kò ní tírẹ́ẹ̀dì rárá, ńṣe ni wọ́n ń tẹ ife wọ inú rẹ̀. Ó fẹ̀ tó 86.5 mm, ẹnu ihò rẹ̀ sì jẹ́ 41 mm. Ẹ wo ọ̀pá kíráǹkì náà pẹ̀lú: ti Hollowtech II tí ilé iṣẹ́ Shimano ń ṣe nípọn tó 24 mm, ti DUB tí ilé iṣẹ́ SRAM ń ṣe nípọn tó 28.99 mm, ọ̀kan ò sì lè wọ béárìn èkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú Hollowtech II nínú férémù BSA. Ẹ ó nílò kọ́kọ́rọ́ Allen 5 mm, irinṣẹ́ Shimano TL-FC16 tó ń tú ìdérí kékeré tó wà lápá òsì, sípánà eléyín 16 fún ife, òòlù rọ́bà, gíríìsì, àti sípánà oníwọ̀n. Ife Shimano SM-BBR60 kéré ju àwọn àtijọ́ lọ, nítorí náà irinṣẹ́ àtijọ́ máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹ kò bá fi TL-FC25, òrùka tó ń dí àlàfo náà, sáàárín.

Ẹ dẹ bóòtù méjì tó wà lápá òsì, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ yọ ìdérí, ẹ fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ike kékeré tó wà láàárín bóòtù méjèèjì sókè, kí ẹ sì fa apá òsì yọ. Bí ike yẹn ò bá gbéra, apá náà ò ní jáde, àwọn tó bá sì fi agbára fà á ló máa ń kán ike náà. Ẹ fi òòlù rọ́bà lu ọ̀pá láti òsì títí yóò fi jáde lápá ọ̀tún.

Ibi tí wọ́n ti ń ba férémù jẹ́ la dé yìí. Lórí BSA, ife ọ̀tún jẹ́ òdì: bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ lẹ máa yí i kó tó tú. Tòsì ń tú lọ́nà tí gbogbo wa mọ̀. Wọn ò dédé ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀pá ṣe ń yí, béárìn máa ń ti ife díẹ̀díẹ̀ sí òdìkejì, òdì yẹn ni kì í jẹ́ kí ife ọ̀tún tú fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ti Ítálì ò ní òdì níbì kankan, ìdí nìyẹn tí ife ọ̀tún rẹ̀ fi máa ń dẹ̀ bí wọn ò bá dè é dáadáa.

Ẹ nu inú ihò títí tírẹ́ẹ̀dì á fi máa dán, kí ẹ fi gíríìsì pa á. Bó bá jẹ́ titanium ni férémù, anti-seize (èyí tí kì í jẹ́ kí irin méjì lẹ̀ mọ́ra) ni kí ẹ lò dípò gíríìsì. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi yí ife tuntun wọlé, ó kéré tán ìyípo mẹ́ta. Bó bá há, ẹ tú u jáde kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Sípánà kì í tọ́ ife tó wọ́ wọlé, tírẹ́ẹ̀dì férémù ló máa jẹ. Ìgbà tó bá kanlẹ̀ ni kí ẹ wá dè é dé 35 sí 50 Nm (ìwọ̀n agbára ìdè tí sípánà oníwọ̀n ń fi hàn).

Ẹ fi gíríìsì pa ọ̀pá, ẹ tì í wọlé láti ọ̀tún, kí ẹ gbé apá òsì sí i. Ìdérí yẹn kò ju 0.7 sí 1.5 Nm lọ, ìka ọwọ́ lásán tó o. Àdèjù rẹ̀ ló máa ń tètè pa béárìn tuntun. Ẹ tẹ ike padà sísàlẹ̀, kí ẹ wá máa de bóòtù méjèèjì ní ìpààrọ̀ títí dé 12 sí 14 Nm.

Fún BB86, ẹ má ṣe lu ife tuntun wọlé. Òòlù máa ń sọ ojú kékeré sí ara irin béárìn níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń yí, á sì ti jẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa wò ó bóyá ó ń wọlé tààrà. Àtijọ́ ni ẹ lè lù jáde láti inú, ṣùgbọ́n ẹ má retí láti tún un lò.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí ẹ bá ti gùn ún, ẹ tún fi sípánà oníwọ̀n dán bóòtù apá òsì wò. Bí béárìn tuntun bá tún ń há lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan wà ní wíwọ̀n, ojú ihò méjèèjì lè máà dọ́gba. Irinṣẹ́ tó ń gé e dọ́gba wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe férémù, àwọn sì ni kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ lọ fún kí ẹ tó pààrọ̀ béárìn lẹ́ẹ̀kejì.