“Jù ú sí i ṣáá”: Irọ́ tó wà nídìí MongoDB

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà n’Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ó gbọ́ ọ yé: MongoDB, ìyẹn database kan (ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ìsọfúnni sí), ò béèrè ètò bí ìsọfúnni ṣe máa rí, ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ jù sí i. Ó sì jọ òótọ́. Láti 2009 tó ti dóde, kò pọn dandan kéèyàn kọ́kọ́ ya tábìlì. Ẹ pe collection (àkójọ àwọn document) tí kò sí tẹ́lẹ̀ lórúkọ, kẹ́ ẹ fi document kan (àkọsílẹ̀ kan) sí i, MongoDB fúnra rẹ̀ ni yóò dá collection náà sílẹ̀.

Àmọ́ ètò yẹn ò pòórá. Inú kóòdù yín ló kó lọ.

Ká ní blog kékeré lórí Ojúde Ọba lẹ fẹ́ ṣe, tí ìròyìn regbẹ́regbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) kọ̀ọ̀kan á máa wà níbẹ̀. Ẹ̀yin pe field kan (àyè kan nínú document) ní “egbe”. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é kọ “regberegbe” sí tirẹ̀. Database gba méjèèjì láìjanpata. Nígbà tí Iléyá bá kọjá, tí ọjọ́ kẹta pé, táwọn èèyàn wá ń wá fọ́tò ẹgbẹ́ wọn, àwọn ìròyìn kan ò ní jáde, torí orúkọ field kan ṣoṣo ni kóòdù ń wá (ẹgbẹ́ tí ò sì rí fọ́tò ara rẹ̀ ò ní dákẹ́). Ẹ̀rọ ò ní sọ pé nǹkan kan bàjẹ́. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Tábìlì SQL (irú database tó ń béèrè ètò ṣáájú) ì bá ti pariwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Déètì náà ńkọ́? Bí a bá fi àwọn kan pamọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, táwọn yòókù jẹ́ Date gidi (irú ìsọfúnni tí MongoDB mọ̀ sí ọjọ́), tẹ́ ẹ bá ní kó to ìròyìn láti orí èyí tó tuntun jù, gbogbo Date ni yóò ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ lásán tó tẹ̀ lé e, ọdún yòówù kó jẹ́.

Ní ti èsì àwọn òǹkàwé, bí wọn ò bá pọ̀, ẹ kó wọn sínú document ìròyìn náà. Bí wọ́n bá lè pọ̀, ẹ fún wọn ní collection tiwọn, torí document kan ò lè ju 16 MB lọ.

MongoDB gan-an ní ohun tó fi ń ṣọ́nà: láti ẹ̀dà 3.2 lẹ ti lè sọ irú document tó gbọ́dọ̀ wọlé, 3.6 sì fi $jsonSchema (ọ̀nà láti kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀) kún un. Kìkì pé kì í yẹ àwọn tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ wò, àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn wọ́n. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi updateMany (àṣẹ tó ń yí ọ̀pọ̀ document pa dà) àti $rename (tó ń yí orúkọ field pa dà) sọ gbogbo “egbe” di “regberegbe”, kẹ́ ẹ tó ti ilẹ̀kùn.