Ayvalık: Ìlú Tí Àwọn Tó Kọ́ Ọ Kò Sí Níbẹ̀ Mọ́

Bí ẹ bá wọ mọ́sáláṣí Saatli ní Ayvalık, ẹ ó rí i pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí ògiri kọjú sí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí àwọn tó ń kírun kọjú sí. Ńṣe ni wọ́n fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ilé náà. Kì í ṣe pé àwọn bíríkìlà ṣìṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì Jòhánù Mímọ́ ni wọ́n kọ́, ìlà-oòrùn sì ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Gíríìkì máa ń kọjú sí. Láti Ayvalık, Mẹ́kà wà ní gúúsù-ìlà-oòrùn. Aago ara ilé gogoro rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: ohun tí saatli túmọ̀ sí ni pé ó ní aago.

Ìlú tó wuni ni, a ò ní tìtorí ìtàn jiyàn ìyẹn. Etíkun Ejíánì ló wà, ní ìwọ̀-oòrùn Tọ́kì, erékùṣù Lesbos tó jẹ́ ti Gíríìsì sì ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán. Òpópónà tóóró, ọjà Ọjọ́bọ̀, ilé olókùúta tó pọ́n fẹ́rẹ́ bí osùn tó ti ń ṣí lára. Èso kan tó jọ ápù, tó kan lẹ́nu ṣùgbọ́n tó ń ta sánsán, làwọn Tọ́kì ń pè ní ayva; ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti wá. Kydonies làwọn Gíríìkì ń pè é, èso kan náà ni wọ́n ń wí.

Gíríìkì ló tẹ̀ ẹ́ dó di ìlú ńlá, lábẹ́ ọba Ottoman, ìyẹn ìjọba tó wà níbẹ̀ kí Tọ́kì òde òní tó dé. Ní 1773, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Ioannis Oikonomos gba ìwé àṣẹ láàfin pé kí àwọn Kristẹni ibẹ̀ máa ṣàkóso ara wọn. Báwo ló ṣe rí i gbà? Wọ́n ní nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà jó ọkọ̀ ogun Ottoman ní Çeşme ní 1770, ọ̀gágun ojú omi kan, Hasan Paşa, sá gba ibẹ̀ kọjá, àlùfáà náà sì fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn. Ó di ẹni ńlá tán, kò gbàgbé. Bóyá àwọn àgbà fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ náà ṣiṣẹ́. Ní 1803 wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ níbẹ̀.

Ogun òmìnira àwọn Gíríìkì bẹ́ sílẹ̀ ní 1821, ìlú jóná, ilé ẹ̀kọ́ bá a lọ. Àwọn tó sá padà wá nígbà tó yá, òróró ólífì àti ọṣẹ ni wọ́n sì fi gbé ìlú dìde. Ọ̀pá èéfín oníbíríkì àwọn ilé iṣẹ́ wọn ṣì wà láàárín ilé títí dòní.

Lẹ́yìn náà ni wàhálà wá gorí wàhálà. Ìjọba Ottoman kó àwọn ará ìlú lọ sáàárín ilẹ̀ ní 1917. Oṣù Karùn-ún 1919, sójà Gíríìsì gúnlẹ̀, ọ̀gá sójà Ottoman kan, Ali Bey, àtàwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì yìnbọn pàdé wọn. Òun ni wọ́n fi sọ erékùṣù Cunda tó wà lẹ́bàá ìlú ní Alibey. Nígbà tí Tọ́kì borí ní 1922, wọ́n kó àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 18 sí 45 lọ síbi iṣẹ́ àfipáṣe. Díẹ̀ kíún ló padà. Àwọn ìyókù wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lesbos, níbi tí abúlé kan ti ń jẹ́ Nees Kydonies, Kydonies Tuntun.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 1923, ìjọba Tọ́kì àti ti Gíríìsì fọwọ́ síwèé ní Lausanne, ní Switzerland, pé kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ èèyàn. Èèyàn o, bí ẹni ń ṣe pàṣípààrọ̀ ọjà. Bí a bá ka àwọn tó ti sá ṣáájú mọ́ ọn, Kristẹni bíi mílíọ̀nù kan lé ní 200,000 ló fi Tọ́kì sílẹ̀, Mùsùlùmí tó sún mọ́ 400,000 sì fi Gíríìsì sílẹ̀. Ẹ̀sìn ni wọ́n fi pín wọn, wọn ò wo èdè. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn Mùsùlùmí láti Crete, erékùṣù Gíríìsì kan, tí wọ́n kó wá sí Cunda, Gíríìkì ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní wọ́n ti dé ilẹ̀ baba wọn, wọn ò sì gbọ́ èdè ọmọ ìlú. Ilé onílé ni wọ́n wọ̀, ólífì tí ẹlòmíràn gbìn ni wọ́n ká. Ewébẹ̀ inú igbó tí wọ́n ń sè ní Crete làwọn ilé oúnjẹ Cunda fi ń pe àlejò lónìí.

Ibi tó kàn wá gan-an nìyí: àwọn adúláwọ̀ wà nínú àwọn tó ti Crete wá, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà. Mustafa Olpak, agbẹ́ mábù tí wọ́n bí sí Ayvalık ní 1953, tọpasẹ̀ ìdílé rẹ̀ padà dé Kenya. Ní 2006 ó dá ẹgbẹ́ àwọn ará Áfíríkà sílẹ̀ ní Ayvalık, wọ́n sì tún gbé ọdún màlúù wọn àtijọ́, Dana Bayramı, dìde ní agbègbè İzmir. Láyé ọjọ́un, obìnrin tí wọ́n ń pè ní godya ló ń darí ọdún náà. Àwọn Hausa ní ọ̀rọ̀ yẹn: godiya, abo ẹṣin, ni wọ́n ń pe obìnrin tí ẹ̀mí bọ̀rì ń gùn. Àwa tí à ń pe tiwa ní ẹlẹ́gùn, a kò nílò ògbufọ̀.