Ṣé tẹlifíṣàn ló di ọmọ lẹ́nu?

Abiyamọ kan ládùúgbò wa pè mí ní aago mọ́kànlá alẹ́. Mo rò pé ibà ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ba ọpọlọ ọmọ yìí jẹ́." Ọmọ oṣù márùn-ún ni. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ ò ju pé ó tẹ́ ẹ sórí ẹní níwájú tẹlifíṣàn fún bí ogún ìṣẹ́jú kó lè ráyè ro àmàlà. Ẹnìkan ti wá sọ fún un pé ọmọ tó bá wo tẹlifíṣàn kó tó pé ọdún méjì ò ní tètè sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí lọ́dún yìí tí wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi, ó sì ti ń sú mi.

Tẹlifíṣàn kì í tọ́mọ, gbogbo wa la mọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ní 2019 pé kí wọ́n má fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan sídìí rẹ̀ rárá. Ìmọ̀ràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n "ẹ má ṣe é" àti "ẹni tó bá ṣe é ti ba ọmọ jẹ́" ò bára tan.

Níbo ni "kò ní tètè sọ̀rọ̀" ti wá gan-an? Ìwádìí tí wọ́n sábà máa ń fà yọ jáde ní 2007 lọ́wọ́ Frederick Zimmerman, Dimitri Christakis àti Andrew Meltzoff ní Yunifásítì Washington, Amẹ́ríkà. Wọ́n pe òbí tó lé ní 1,000 lórí fóònù, wọ́n ka ọ̀rọ̀ bíi 90 sí 100 sí wọn létí: èwo lọmọ yín mọ̀ níbẹ̀? Láàárín ọmọ oṣù 8 sí 16, bí wákàtí kan bá ṣe ń kún èyí tí ọmọ fi ń wo fídíò ìkókó lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ń fi bíi 6 sí 8 dín. Ibẹ̀ làwọn oníròyìn pa ìwé náà dé sí.

Wọn ì bá kà á síwájú díẹ̀ sí i. Fídíò tí wọ́n ṣe fún ìkókó nìkan lọ̀rọ̀ náà bá wí. Wọn ò rí irú àdínkù bẹ́ẹ̀ nídìí ètò mìíràn. Àwọn ọmọ oṣù 17 sí 24 ńkọ́? Wọn ò rí nǹkan kan lára wọn. Tó bá jẹ́ pé ọpọlọ ló bàjẹ́, ta ló bá wọn tún un ṣe láàárín oṣù kan?

Èyí tó sì ta kókó jù ni pé a ò mọ èyí tó ṣáájú. Ṣé fídíò ló dín ọ̀rọ̀ kù, àbí òbí tó rí i pé ọmọ òun ò tíì lè pe "bàbá" ló sáré lọ ra fídíò tí wọ́n ní ó ń sọ ọmọ di ọlọ́gbọ́n? Àbí ìyá tó rẹ̀ tẹnutẹnu ni, tí kò lókun ọ̀rọ̀ sísọ mọ́, tí fídíò kàn wà nítòsí? Kéèyàn pe òbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí fóònù ò lè tú kókó yẹn. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà sọ ọ́ fúnra wọn pé àwọn ò fi ìdánwò wádìí bóyá fídíò ló fà á. Ní 2014, àwọn olùwádìí méjì mìíràn, Christopher Ferguson àti Brent Donnellan, tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n rí i pé bí èèyàn bá ṣe ṣírò ni ìdáhùn ń yí padà.

Mi ò sọ pé kò séwu o. Ó lè wà, kó kàn kéré ju bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rù ba abiyamọ. Èyí tí mo fura sí jù ni tẹlifíṣàn tẹ́nikẹ́ni ò wò, tó ń pariwo ní pálọ̀ láti àárọ̀ títí iná á fi lọ. (Tó bá jẹ́ tèyí ni, àwọn tó ń mú iná lọ wà lára àwọn tó ń bá wa tọ́mọ.) Bí etí ìyá bá ti wà lọ́dọ̀ eré, kò ní rántí sọ fún ẹni tó pọ̀n sẹ́yìn pé, "Ọkọ mi, àmàlà ti ń jinná o."

Kí ẹ sì ṣọ́ra. Mo mọ ilé kan tí wọ́n fi odindi ọdún kan dá tẹlifíṣàn lẹ́bi. Wọ́n pa á, wọ́n gbé e kúrò ní pálọ̀, ọmọ ò sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà ló pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ náà lọ́jọ́ kan, ọmọ ò yíjú. Etí ni. Ìkókó tí kì í ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún gbàgà, tàbí tó ti lé lóṣù mẹ́fà tí kì í yíjú síbi tí ohùn ti ń bọ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ lè pa tẹlifíṣàn kẹ́ ẹ tó jáde.